Kí Là Ń Fọ̀ Nínú Ìfun Tó Ń Pààrọ̀ Awọ Ara Rẹ̀?

Bí ọmọ Yorùbá kan nínú ìlú yìí bá fẹnu kàn án pé òun ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ òun, kí ó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, èèyàn mẹ́ta yóò ti sọ fún un pé jẹ̀dí ni. Ẹnì kan yóò ní kí ó jáwọ́ nínú ṣúgà, ẹnì kejì yóò júwe ìyá alágbo tó wà lẹ́yìn ọjà, ẹnì kẹta yóò sì ní òun ní èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìgò nílé. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀rẹ́ wa yìí, pé láti ìgbà wo ni ẹ̀jẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, tàbí pé ṣé ẹnì kan nínú ìdílé rẹ̀ ti ní irú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìdí kì í ṣe ohun tí Yorùbá máa ń sọ níta gbangba. Ojú ń tì wá. Ṣùgbọ́n ìtìjú yìí ń pa èèyàn.

A kò kọ èyí láti fi ìṣègùn ìbílẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n fi àgbo wo ibà fún nígbà tí a wà ní kékeré, a kò sì ní ṣe aláìmoore. Àṣà kan ṣoṣo ni a ń bá wí, àṣà fífọ inú. Láti ilé ni a ti gbé e wá sí Òkè Ọya níbí. Bí ọlidé àwọn ọmọ bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan tí yóò parí, màmá á gbé àgbo kaná, gbogbo ọmọ ilé á mu ún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì ní sinmi lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà á ṣe tiwọn lóṣooṣù, àwọn mìíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìdọ̀tí a máa lẹ̀ mọ́ inú ìfun bí ọkà tó jóná ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, àti pé bí a kò bá fi nǹkan tó le ha á kúrò, yóò di àrùn.

Ìfun ńlá kì í ṣe ìkòkò. Ó gùn tó bí ẹsẹ̀ bàtà 5, ó ká yí inú wa po kí ó tó já sí ìdí. Awọ kan tó fẹ́lẹ́ gidigidi ló bo inú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan péré ni nínípọn awọ náà. (Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tí Ọlọ́run fi mọ ara wa, bí bíríkìlà ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé.) Awọ yìí kún fún kòtò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni wọ́n, sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú kòtò kọ̀ọ̀kan sì tó bíi 2,000. Ní ìsàlẹ̀ kòtò pátápátá ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá wà. Àwọn ni wọ́n ń pín sí méjì méjì láìsinmi. Ọmọ tí wọ́n bí á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, bí ó sì ṣe ń gòkè ni yóò máa kọ́ṣẹ́. Àwọn kan á kọ́ iṣẹ́ fífa omi àti iyọ̀ kúrò nínú ìgbẹ́ kí ó lè ki. Àwọn kan á kọ́ iṣẹ́ àti máa ṣe omi tó ń yọ̀ bí ewédú, òun ló ń jẹ́ kí ìgbẹ́ kọjá wọ́ọ́rọ́, tí kì í sì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun fara kan awọ náà. Nígbà tí wọ́n bá dé ẹnu kòtò, iṣẹ́ wọn ti parí nìyẹn. Wọ́n á já bọ́, wọ́n á bá ìgbẹ́ lọ, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì gba ipò wọn.

Láti ìgbà tí wọ́n bí sẹ́ẹ̀lì kan nísàlẹ̀ títí tí yóò fi já bọ́ lókè, ọjọ́ 5 sí 7 ni. Ìyẹn ni pé kí ẹ tó tún ka ojú ìwé wa yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, awọ tó wà nínú ìfun ńlá yín lónìí yóò ti lọ tán, tuntun yóò ti dé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibòmíràn nínú ara tó ń yára sọ ara rẹ̀ dọ̀tun tó bẹ́ẹ̀ àfi ìfun kékeré tó jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pa sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pín, fi máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru, nítorí wọn kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tá àti onílé.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1948 ni Charles Leblond, ní ìlú Montreal ní Kánádà, àti ẹnì kejì rẹ̀ kọ̀wé jáde pé àwọn rí i lára eku pé awọ inú ìfun ń pààrọ̀ ara rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó tó bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní 2007, kí Nick Barker àti Hans Clevers ní ìlú Utrecht, ní Netherlands, tó rí àmì tí èèyàn lè fi dá àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá náà mọ̀ láàárín àwọn ọmọ wọn. Ní 2009, ní ilé ìwádìí kan náà, wọ́n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn láti inú ìfun kékeré eku, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú àwo, ó sì hù bí irúgbìn, ó di ìfun kín-ń-kín tó ní kòtò tirẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló kù fún àgbo láti fọ̀? Ilé tí onílé ń tún rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí lálejò fẹ́ fi káńkán gbo nínú rẹ̀? Ẹ wo ewé àsùnwọ̀n, tó jẹ́ ọba nínú àwọn ewé tí wọ́n fi ń fọ inú. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó mu ún tó máa sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń mu irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn dókítà tó bá wo inú ìfun rẹ̀ máa ń bá awọ náà tó ti dúdú, tó rí tótòtó bí awọ ejò, nítorí pé oògùn náà ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì kí ọjọ́ wọn tó pé. Wọ́n ní dúdú yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, bí onítọ̀hún bá sì jáwọ́, yóò parẹ́ nígbà tó bá yá. A gbọ́. Síbẹ̀, ìmọ́tótó wo ló ń sọ ohun tó pupa di dúdú?

Èyí tó burú jù ni ti páráàgà. Ẹni tó bá ń gbé ewé àti egbò tí wọ́n rẹ sínú ọtí mì ní gáréèjì láràárọ̀, tó ní òun ń lé jẹ̀dí, kò mọ̀ pé ẹ̀ka tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọtí mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá.

Ìsoro ìfun kò sí nínú pé kò mọ́. Inú iṣẹ́ sísọ ara rẹ̀ dọ̀tun yẹn gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Nígbàkúùgbà tí sẹ́ẹ̀lì ìyá bá fẹ́ pín sí méjì, ó ní láti da gbogbo ìwé àṣẹ tó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní jíìnì, kọ fún ọmọ. Akọ̀wé tó bá ń da ìwé kọ tọ̀sán-tòru fún ọdún 50, ó di dandan kí ó ṣàṣìkọ. Púpọ̀ nínú àṣìkọ náà kò ní wàhálà, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ tó gbé e dání á já bọ́, á bá ìgbẹ́ lọ. Ọgbọ́n ńlá lèyí jẹ́. Ṣùgbọ́n bí àṣìkọ náà bá bọ́ sọ́wọ́ ìyá tó wà nísàlẹ̀ kòtò, kò lọ mọ́. Gbogbo ọmọ tí ìyá náà bá bí ló máa jogún rẹ̀.

Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ APC, ọdún 1991 ni wọ́n dá a mọ̀. Iṣẹ́ bíréèkì ló ń ṣe, òun ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ó tó gẹ́ẹ́, má pín mọ́. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá, bíréèkì yìí ni wọ́n bá tó ti bàjẹ́. Ọmọ á máa pọ̀ ju àwọn tó ń já bọ́ lọ, wọ́n á gbá jọ, wọ́n á yọ kókó sínú ìfun, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní pọ́líìpù. Ọ̀pọ̀ kókó bẹ́ẹ̀ kì í di nǹkan kan. Èyí tó bá máa di jẹjẹrẹ ní láti kó àṣìkọ mìíràn mọ́ ti àkọ́kọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, gẹ́gẹ́ bí Bert Vogelstein àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ṣe fi hàn ní 1988. Ìrìn àjò yẹn sábà máa ń gba ọdún bíi 10.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọdún 10 kì í ṣe ọjọ́ 10. Àìsàn mélòó ló ń fún èèyàn ní àyè tó tó bẹ́ẹ̀? Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kókó náà kì í dunni. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ó máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbà mìíràn ojú kò ní rí i rárá. Ibí yìí ni àgbo ti ń tàn wá jẹ. Ẹ̀jẹ̀ kókó a máa wá, a sì máa dá fúnra rẹ̀. Ó lè dé lónìí, kí ó dá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí ó má tún wá mọ́ títí oṣù mẹ́rin. Ohun yòówù tí èèyàn bá ń mu lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó dá ni yóò gba ìyìn. Bí ó bá jẹ́ omi tútù ni, omi tútù ni a ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aláìsàn á sọ fún gbogbo ilé pé òun ti rí ojúlówó, kókó á sì máa dàgbà lọ.

A kò sọ pé jẹ̀dí kò sí o. Jẹ̀dí wà, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ẹnu ìdí ni, òun ló sì ń fa ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ pupa tí èèyàn ń rí nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún. Ohun tí a ń sọ ni pé ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan náà sì lè ní jẹ̀dí kí ó tún ní kókó lókè rẹ̀. Bí ìgbọ̀nsẹ̀ èèyàn bá yí padà kúrò bó ṣe máa ń rí, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ó bá ń rù láìgbààwẹ̀, bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ tí kò sì sí ìdí kan pàtó, àyẹ̀wò ló kàn.

Àwọn kan á ní àrùn òyìnbó ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà kan. Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Uganda, ṣàkíyèsí pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará oko ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1971 pé oúnjẹ wọn tó kún fún fáíbà ló jọ pé ó ń gbà wọ́n. Fáíbà ni èèpo, háhá àti okùn inú oúnjẹ tí ìfun kékeré kò lè lọ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó wù wá jù ni ti 2015. Wọ́n mú 20 èèyàn dúdú ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú 20 ará oko ní KwaZulu-Natal ní South Africa, wọ́n sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń jẹ àgbàdo, ẹ̀wà, ilá àti ẹ̀fọ́. Àwọn ará oko ń jẹ ẹran àti dùǹdú òyìnbó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n yẹ awọ ìfun ńlá wọn wò. Pípín sẹ́ẹ̀lì ti dínkù lára àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì ti yára sí i lára àwọn ará Áfíríkà. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹ̀jẹ̀ kan náà, àwọ̀ kan náà, ohun tó wà nínú àwo nìkan ló yí padà.

Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí fáíbà bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò rere tó ń gbé ibẹ̀ á sọ ọ́ di ohun kan tí wọ́n ń pè ní butyrate, èyí ni olórí oúnjẹ tí awọ náà ń jẹ. Nínú ìwádìí tí a sọ yìí, butyrate pọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ lára àwọn tó bọ́ sórí oúnjẹ Áfíríkà. Nítorí náà, ẹni tó ń fi àgbo gbá inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń gbá oúnjẹ awọ náà dànù pẹ̀lú àwọn tó ń sè é. Àwa tó sì wà ní ìgboro níbí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ará Pittsburgh la ti ń jẹun báyìí. Búrẹ́dì funfun láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, ẹran yíyan lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọkà bàbà àti gérò ìlú yìí wà lọ́jà níbẹ̀, tí ẹ̀wà sì kún àpò.

Kò ku àrùn òyìnbó kankan mọ́. Ní 2022, èèyàn tó bíi mílíọ̀nù 1.9 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ìfun ńlá lára wọn ní gbogbo àgbáyé, ó sì pa èèyàn tó bí 900,000. Pelé, ọba bọ́ọ̀lù, wà lára wọn. Oṣù kẹsàn-án 2021 ni wọ́n yọ tirẹ̀, ó sì papò dà ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá 2022. Chadwick Boseman, òṣèré tí àwọn ọmọ wa mọ̀ sí Black Panther, kò ju ọmọ ọdún 43 lọ nígbà tó kú ní 2020. Ọdún 2021 ni Amẹ́ríkà sọ pé kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 45 dípò 50. Ní tiwa ní Nàìjíríà, nígbà tí ọ̀pọ̀ aláìsàn bá máa fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti tàn kálẹ̀.

A sì ń fi kún wàhálà náà pẹ̀lú gbólóhùn kan tí gbogbo wa mọ̀, “lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́.” Ẹ ka ìkéde òkú tó bá wù yín. Àìsàn tó gba ọdún 10 a di ráńpẹ́. Bí kò bá sì jẹ́ ráńpẹ́, a ó ní ayé ló ṣe é. Àwọn ọmọ olóògbé kò mọ ohun tó pa bàbá wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní àrùn yìí, ewu tirẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Láti ọmọ ọdún 40 ló yẹ kí irú wọn ti máa lọ fún àyẹ̀wò, tàbí kí wọ́n fi ọdún 10 ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n ti rí i lára ìbátan wọn. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀, nígbà tí àwọn àgbà ilé ti fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ aṣọ? A rọ ẹ̀yin àgbà, ẹ sọ orúkọ àìsàn fún ọmọ. Kò ní kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn.

Àyẹ̀wò náà kò le bí a ṣe rò. Èkínní, wọ́n lè yẹ ìgbẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí wà nínú rẹ̀. Bí ó bá wà, wọ́n á ṣe colonoscopy, ìyẹn ni pé wọ́n á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu wo inú ìfun ńlá láti ìdí. Bí wọ́n bá rí kókó, wọ́n á gé e níbẹ̀, èèyàn á sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1993 fi hàn pé gígé kókó wọ̀nyí dín jẹjẹrẹ ìfun ńlá kù ní ìdá 76 nínú 100, ó kéré tán. Nílé wa náà, àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń bá àwọn ti Memorial Sloan Kettering ní New York ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí àrùn yìí. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà.

Ohun tó kù ni owó àti ẹ̀rọ. Òfin ìbánigbófò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ló yẹ kí a bi pé ṣé àyẹ̀wò ìgbẹ́ wà nínú ohun tí ìbánigbófò náà ń san owó fún, àti pé ọsibítù wo ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Àwọn aṣojú wa tó máa ń wá kí wa nígbà ìbò, ìbéèrè yìí ni kí a fi kí wọn padà.

Ṣùgbọ́n a kò ní jókòó máa dúró de ìjọba. Gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ bíbí tó wà nílùú yìí ló ní owó kan tí wọ́n ń dá sílẹ̀ fún òkú. Bí ọ̀kan nínú wa bá kú, láàárín ọjọ́ mẹ́ta owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Òṣogbo tàbí Ìjẹ̀bú ti pé, aṣọ ti wà, àwọn tó máa bá òkú lọ ti mọ ara wọn. A kò sọ pé kó má rí bẹ́ẹ̀. Àbá wa ni pé kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà, kí a fi san owó àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ti pé ọdún 45, kí a sì bẹ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó wà láàárín wa kí wọ́n wá ṣàlàyé ní èdè wa, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni láti béèrè ọ̀rọ̀. Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ló dára kí a ti gbé e kalẹ̀. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ètò ọjọ́ náà, ṣáájú ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ ti ọdún yìí.